Ẹ̀kọ́ tí Tíṣà Àkànó Gbà Padà Lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́

Tàkúté mẹ́ta ni Amos Àkànó dẹ sí oko kòkó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tó ti ilé ìwé dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló dẹ wọ́n dè. Ẹ má dá a lẹ́bi. Oko náà kò tóbi, ogún bàbá rẹ̀ ni, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti sọ ọ́ di ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́. Wọn a lu kòkó tó pọ́n níhò, wọn a lá omi dídùn inú rẹ̀, wọn a wá fi èèpo sílẹ̀ lórí igi kí olóko lè mọ̀ pé àwọn ti dé.

Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀kan nínú àwọn tàkúté náà ti mú. Amos yọ ẹran náà, ó dì í mú ní ìrù, ó ti ń ro irú ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi sè. Ìgbà tó yí i síwájú ló rí ọmú rẹ̀. Ọmú náà wú, wàrà ṣì wà níbẹ̀.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọdẹ tí gbogbo Ìlọ́bù mọ̀, ẹran tí bàbá náà sì pa kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì pa ẹran tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kì í wálé láìwá àwọn ọmọ náà rí. Yóò wá ihò, yóò wá ìtẹ́, bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ọ̀yà kékeré, ọmọ ẹtu, gbogbo wọn ni Amos ti bá ṣeré nílé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kan náà ni bàbá yẹn máa ń fún wọn: “Ẹni tó pa ìyá ló di ìyá.”

Amos dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí igi. Ó tó wákàtí méjì kó tó rí ìtẹ́ náà láàrin imọ̀ gbígbẹ lórí ọ̀pẹ kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀. Wọn kò tíì lajú, ara wọn kò ní irun tó nǹkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. Ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé wọn, ó kó wọn sínú páálí ṣọ́ọ̀kì tó máa ń kó ẹrù oko sí, ó sì gun ọ̀kadà lọ sílé láìwọ nǹkan kan sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nínú òtútù ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Amos jẹ́ fún yín. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí ilẹ̀ ń mì bó bá ń rìn. Ìlọ́bù ló ń gbé, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ló ti ń ṣiṣẹ́, kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Ìfọ́n náà ló ti fẹ́ ìyàwó. Láti ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń kọ́ ọmọ, kò tíì na ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń ba ọmọ jẹ́. Òun náà a ní ọmọ tí ẹ̀rù rẹ ń bà kò lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ, etí rẹ̀ ti kún. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sọ ọ́ títí ó fi di orin, kò sì mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa wá já a ní koro.

Rhoda ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lórí okùn nígbà tó wọlé.

“Bàbá Divine, kí lẹ gbé dání yẹn?”

“Ọmọ ni.”

“Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ mi.”

Rhoda yọjú wo inú páálí. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò, ó ti rí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lóríṣiríṣi, ẹnu kì í tètè yà á. Ó wo àwọn ẹran náà, ó wo àyà ọkọ rẹ̀ tó hàn láti abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

“Ẹ ti pa ìyá wọn.”

“Tàkúté ló pa á.”

“Ta ló dẹ tàkúté?” Kò dúró gbèsì. “Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ó máa jí fún wọn o. Èmi ti tọ́ tèmi tán.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ náà ló wọlé lọ mú sírínjì kékeré jáde. Òun ló kọ́ Amos bí wọ́n ṣe ń po mílíìkì kó má ki jù, bí wọ́n ṣe ń kán an sí ètè wọn ní ẹ̀kán ẹ̀kán kó má baà bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ, kó máa fi òwú tó lọ́rinrin nu wọn nídìí, nítorí ìyá wọn ni í fi ahọ́n ṣe é, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní lè tọ̀. Ọkùnrin tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ń nu ìdí ọ̀kẹ́rẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni páálí ṣọ́ọ̀kì náà fi ń bá a lọ sílé ìwé. Bí agogo ìsinmi bá lù, tí àwọn tíṣà yòókù ń lọ jẹ móínmóín, Tíṣà Àkànó yóò ti yọ sírínjì. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò bínú.

Rhoda kìlọ̀ fún un pé kó má sọ wọ́n lórúkọ. Ó ní, “Ohun tí ẹ bá sọ lórúkọ, ẹ ò ní fẹ́ kó lọ mọ́.” Kò sọ wọ́n lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n. Ilẹ̀kùn ti há akọ ní ìrù rí, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ gé. Abo ní àmì ní etí òsì, ibi tí akọ ti gé e jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ń jà lórí ẹ̀pà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, wọ́n ti bo ara wọn nírun pupa rúsúrúsú, orí àjà sì ti di tiwọn. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi ń sáré gbùrùgbùrù lókè, eruku a sì máa bọ́ sínú ọbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń ṣòroó rí. Amos kò sì lè máa gun àkàsọ̀ lójoojúmọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ kan lábẹ́ àti ọ̀kan róbótó lọ́wọ́, yóò máa pa ẹkùrọ́. Kó. Kó. Kó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n yọjú. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òkúta kò ní tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí àwọn méjèèjì yóò ti wà lórí itan rẹ̀, wọn a na ọwọ́ gba ọmọ inú ẹkùrọ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọjà dé. Ó dùn mọ́ ọn púpọ̀. Bí àlejò bá dé, yóò ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wòran, yóò sì gbé òkúta. Ó ní òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tètè gbọ́ ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì kẹrin.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Rhoda ní ó tó. Amos náà mọ̀ pé ó tó. Wọ́n ti ń jẹ igi àjà, ẹran igbó kì í ṣe ẹran ilé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kó wọn lọ sí oko kòkó tó ti rí wọn, ó ṣí páálí sídìí ọ̀pẹ yẹn gan-an. Wọ́n gòkè lọ. Ó dúró wò wọ́n títí ọrùn fi ń dùn ún, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti san ohun tí òun jẹ ìyá wọn.

Lọ́jọ́ karùn-ún ló tún lọ síbẹ̀ láti wò wọ́n. Abà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, ibi tí arúgbó kan tó ń jẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń ṣe àdín. Amos kì í kọjá níbẹ̀ láìkí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

“O o, Tíṣà. Ẹ dìde, ẹ dìde. Ṣé dáadáa lẹ dé? Aya ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Ìyá. Wọ́n ń kí yín.”

“Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn. Ẹ jókòó, ẹ dé bá oúnjẹ. Ẹ̀bà ni mo fẹ́ jẹ, ẹran igbó ló sì wà nínú ọbẹ̀ o.” Inú arúgbó náà dùn, ó fẹ́ sọ ìtàn. “Ọlọ́run ló fún mi lẹ́ran láná. Mo jókòó síbí, mò ń pa ẹkùrọ́ mi jẹ́jẹ́, ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá sọ̀ kalẹ̀ látorí igi yẹn. Mo rò pé yóò sá. Kò sá. Itan mi ló gùn, Tíṣà, ó ń wò mí lójú. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ń ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní bísímílà, mo sì dì í mú. Kò tilẹ̀ jà.”

Amos gbójú sókè. Ó wo ara ògiri. Wọ́n ti fi ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ kan há ibẹ̀ kó gbẹ, bóyá fún ọmọdé láti fi ṣeré. Ṣóńṣó ìrù náà gé.

“Ṣé ẹyọ kan lẹ rí, Ìyá?”

“Ẹyọ kan ni. Bí èkejì bá wá, màá fi tiyín ránṣẹ́.”

Ó ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé, ó dúpẹ́, ó dìde. Kò tíì rìn jìnnà tí arúgbó náà fi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kó. Kó. Kó. Ìgbà yẹn ni ó yé Amos pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti lọ síwájú. Ohùn tó fi ń pè wọ́n sórí itan rẹ̀ láràárọ̀, ohùn gbogbo abà ni. Láti Ìlọ́bù dé Ìfọ́n títí dé Ẹ̀rìn, ẹ̀yìnkùlé wo ni wọn kì í ti í pa ẹkùrọ́? Ó ti kọ́ àwọn ọmọ náà pé ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ òkúta, oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Kò sì sọ fún wọn pé àwọn tó ń mú òkúta lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Tàkúté ló pa ìyá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló pa ọmọ.

Ó sáré dé oko, ó wá òkúta méjì, ó ṣa ẹkùrọ́ nídìí ọ̀pẹ. Ó ń fẹ́ kó wá, ó sì ń fẹ́ kó má wá. Bó ṣe lù ú lẹ́ẹ̀mejì ni abo bọ́ sí i léjìká láti òkè, ó ń fi imú wá ẹnu àpò rẹ̀. Amos kì í ṣe ẹni tí ń sunkún, ṣùgbọ́n ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé e sínú àpò, ó gbé e padà sílé.

“Ṣé ẹ sọ fún Ìyá?” Rhoda bi í nígbà tó ròyìn tán.

“Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ọmọ mi ni wọ́n fi jẹ ẹ̀bà? Wọn ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo rán an sí wọn.”

Rhoda ló sọ ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀: bí èyí tó kù yìí bá máa yè, ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa sá fún ohùn òkúta. Bí kò bá sì lè kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó kúkú gbé orí àjà dọjọ́ ikú rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Rhoda ní òun ni yóò ṣe é, nítorí ó mọ ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀, òun ló ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń pa ẹkùrọ́, bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá sì ti sún mọ́ ọn, yóò fi ṣíbí gbá abọ́ tánganran gbàà, yóò da omi tútù lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹran náà kò fi fẹ́ rí Rhoda tàbí aṣọ ìró rẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Amos ní kí òun dán an wò. Ó jókòó, ó lu òkúta, ọ̀kẹ́rẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó gun itan rẹ̀. Rhoda àti aṣọ ìró rẹ̀ ló kọ́ láti máa bẹ̀rù. Òkúta kò ṣe nǹkan kan.

“Ẹni tó kọ́ ọ ló máa gbà á padà,” Rhoda wí. “Ẹ̀yin ni.”

“Mi ò lè ṣe é.”

“Mo mọ̀. Ẹ máa ṣe é.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi sún un síwájú. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé abọ́ tánganran sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó pa ẹkùrọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bọ̀, ó ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Amos di ojú, ó gbá abọ́. Ẹran náà ta gìrì, àyà rẹ̀ já, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá sáré kó wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì Amos, ó sì há mọ́ ọn ní igbáàyà níbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ibi tó mọ̀ sí ibi ààbò ló sá sí. Amos ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì mọ́ ara rẹ̀. Ó wo Rhoda tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Rhoda mi orí sí i pé kó ṣe é. Ọkùnrin tí kò na ọmọ ẹnikẹ́ni rí ki ọwọ́ sínú ṣẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀kẹ́rẹ́ náà jáde, ó jù ú sílẹ̀, ó da omi lé e, ó sì tún gbá abọ́. Ẹran náà dúró lórí sìmẹ́ńtì, ó tutù rinrin, ó ń wò ó. Ìgbà tó gbá abọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló tó sá.

Lọ́jọ́ yẹn, Amos kò jẹun àárọ̀. Ní kíláàsì, ọmọ kan ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, ó sì ń wo Tíṣà bóyá yóò bínú. Amos gbà á ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kó lọ jókòó, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nípa ẹ̀rù àti etí kò wá sí i lẹ́nu mọ́.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kẹ́rẹ́ tún sá wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dúró ní àárín ọ̀nà, kò mọ èyí tí yóò ṣe, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí òkúta bá ti dún, yóò sá dé òpin àjà. Oúnjẹ rẹ̀, orí àjà ni wọ́n ń gbé e sí nígbà tí kò bá sí níbẹ̀, odidi ẹkùrọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pa, kó lè máa fi eyín ara rẹ̀ wá jíjẹ. Amos kò fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá wọ ẹ̀yìnkùlé, ìrù ló máa ń rí tó ń wọlé. Àwọn aládùúgbò ní Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọ ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìyẹn, ó bínú.

Ó wá kan ibi tí wọn yóò tú u sí. Amos fi ọkàn rìn gbogbo igbó tó mọ̀, kò sí ibì kan tí kò sí abà. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí òkúta kì í dún. Láàrin Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ni, lórí ilẹ̀ tí aáwọ̀ wà lé lórí, tí ẹnikẹ́ni láti ìlú méjèèjì kò ti kọ ebè kan sí láti ọdún méjì. Lára ilẹ̀ yẹn ni bàbá Rhoda ti ń dáko rí. Adéjọbí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Rhoda ló jogún rẹ̀, káfíńtà ni ní Ìfọ́n. Láti ìgbà tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀, tí ìjọba fi kónílé-ó-gbélé dé ìlú, kò wá sílé àbúrò rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìjà. Òun àti àbúrò rẹ̀ kàn ń wo ojú ọ̀nà ni, bóyá ẹnì kejì yóò kọ́kọ́ wá.

Amos bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí ara wọn pẹ́, ó sì ṣàlàyé ohun tó bá wá. Adéjọbí gbé ìfápákó sílẹ̀.

“Tíṣà, ẹ mọ̀ pé mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn láti ìgbà náà.”

“Mo mọ̀, Bùrọ̀dá.”

“Bí wọ́n bá rí ọmọ Ìlọ́bù níbẹ̀, wọ́n á ní ó wá fi ààlà sí i. Bí wọ́n bá rí ọmọ Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní ká jọ lọ. Ẹni tó bá rí àwa méjèèjì pọ̀ kò ní mọ ohun tó máa pè é.”

Adéjọbí rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí Amos ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. “Nítorí ọ̀kẹ́rẹ́.”

“Nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ má mú àdá dání o. Ẹ má tilẹ̀ mú ọ̀bẹ.” Ó ti nawọ́ mú wáyà. “Ẹ jẹ́ kí n kan àgò fún un, páálí yẹn kò bójú mu.”

Ọ̀sán gangan ni wọ́n yàn, kí gbogbo ayé lè rí wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba méjì wà lábẹ́ igi ní oríta, wọ́n dá wọn dúró, wọ́n bi wọ́n pé kí ló wà nínú àgò. Amos ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ní èló ló fẹ́ tà á. Ó ní kì í ṣe títà, àwọn fẹ́ lọ dá a padà sínú igbó ni. Ẹ̀ṣọ́ kan wo èkejì. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti wà lójú ọ̀nà yìí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ pé òun fẹ́ gba nǹkan padà, òun kò tíì rí ẹni tó fẹ́ dá nǹkan padà. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má pẹ́.

Igbó ti gba ilẹ̀ náà. Koríko dé wọn láyà, ìtàkùn ti bo igi ọsàn méjì tí bàbá Adéjọbí gbìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti so. Adéjọbí dúró sídìí ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ lé e lára fún ìgbà díẹ̀. Kò ká ọsàn kankan. Wọ́n rìn dé ìdí ìrókò kan, Amos gbé àgò kọ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kékeré tó fara tì í, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà kò jáde títí wọ́n fi lọ fara pamọ́. Nígbà tó jáde, kò wẹ̀yìn, ó gba ara ìrókò lọ sókè fíìrì.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá,” Adéjọbí wí. “Ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ilé ìwé gba ìsinmi, Amos kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rhoda rí i tó ń fi òkúta pẹlẹbẹ àti èyí róbótó sínú àpò.

“Bàbá Divine. Bó bá wá ńkọ́?”

“Bó bá wá, a jẹ́ pé mo ti pa òun náà.”

“Bí kò bá sì wá, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó wà láàyè.”

“Mo mọ̀.”

Ó ya Ìfọ́n mú Adéjọbí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tiẹ̀ bi wọ́n ní nǹkan mọ́, wọ́n kàn ní kí wọ́n kí ọ̀kẹ́rẹ́. Amos jókòó sídìí ìrókò náà, ó fi òkúta kan sábẹ́, ó mú ẹkùrọ́ kan. Kó. Kó. Kó. Igbó náà dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí ohùn náà ti ṣàjèjì níbẹ̀. Ó dúró. Ó tún pa òmíràn.

Ewé mì lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jáde sórí ẹ̀ka kan tí kò ga jù, ó sanra, irun rẹ̀ ń dán. Oòrùn bọ́ sí etí òsì rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé e jẹ náà hàn kedere. Ó wo òkúta. Ó wo Amos, ojú kò ojú. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti ṣe láti oṣù mẹ́ta, ní ìṣẹ́jú yẹn, ó fẹ́ kó bàjẹ́. Ó fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọmọ inú ẹkùrọ́ náà sókè lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé òun na ọwọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gbé ìrù sókè, ó fi igbe ta, igbe kíkan bí èyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ejò fún ara wọn, ó sì yí padà, ó sá gun òkè, ó fo sórí igi kejì. Láti ọ̀ọ́kán, wọ́n gbọ́ tí ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn dá a lóhùn.

Adéjọbí wo ojú àna rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. “Ẹ má bínú, Tíṣà. Ó ti gbàgbé yín.”

Amos ju ọmọ ẹkùrọ́ náà sínú koríko, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún wọra.

“Kò gbàgbé, Bùrọ̀dá,” ó ní. “Ó rántí mi dáadáa.”